Bí A Ṣe Yan Fóònù Tí A Fi Ń Ta Ayò

Tí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ń jiyàn lórí ilé-iṣẹ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára jù fún géèmù tí wọ́n ń bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn ṣe, n kì í dá sí i. Mo máa ń fetí sí wọn ni. Èyí ní tòun mọ́ ju ti ẹnìkejì lọ, tọ̀hún ní tòun kì í falẹ̀. Tí wọ́n bá wá bi mí, màá sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yẹn ti tán lọ́wọ́ mi tipẹ́. Nínú pálọ̀ mi ní Ọ̀sì níbí ni mo ti parí rẹ̀, nígbà tí a kò tíì wọ ọdún 2000, n kò sì tíì rí ohun tó yí mi lérò padà láti ìgbà náà.

Ayò ni tèmi. Ẹni tí mo ń bá ta á jẹ́ akọ̀wé kóòtù títí tó fi fẹ̀yìn tì, Akọ̀wé náà ni gbogbo ìlú ń pè é. Èmi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, Tíṣà lòun náà sì ń pè mí. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí àwọn tó lọ sóko ti ń darí bọ̀, á ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi, á ti máa pín ọmọ ayò sílé, á máa pariwo pé kí ni mò ń ṣe nínú yàrá bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ayò tiwa kì í ṣe ayò ìdákẹ́jẹ́. Bí ọmọ ayò tó kẹ́yìn bá ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa bọ́ lẹ́nu rẹ. O jẹ méjì, o bú u. Ó jẹ mẹ́ta, ó bú ọ. Ẹni tó bá dákẹ́ pẹ́, wọ́n á ní ó ń ka odù. Odù ni ilé tí ọmọ ayò ti kún inú rẹ̀, tí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ń tọ́jú de ìgbà tí yóò fi yí gbogbo ọpọ́n po. Orí lèèyàn fi ń mọ iye tó wà níbẹ̀. Kí àgbàlagbà máa fi ìka kà á, ìtìjú ni. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ní Ọ̀sì, wọ́n á ti gbọ́ ọ ní Eruku kó tó di ọjọ́ kejì, ẹni náà á sì wá ẹlòmíì tí yóò máa bá a ṣeré.

Ojú ló mú Akọ̀wé kúrò nílé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú, nígbà tí ojú náà wá ń ṣú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kàdúná wá mú un lọ, kó lè wà nítòsí ọsibítù. Ó gbé ọpọ́n ayò rẹ̀ dání. Ojú kò kúkú níṣẹ́ tó pọ̀ nínú ayò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo ilé náà bó ṣe mọ bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Ọmọ náà wálé nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wá kí mi. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ ọ́.

"Bàbá, wọn ò jẹun mọ́."

"Kí ló dé? Ojú náà ni?"

"Ojú ti ń san díẹ̀. Wọn ò kàn sọ̀rọ̀ ni. Mo bá wọn wá ẹnì kan nínú àwọn ará ilé tó wà lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, pé kó máa bá wọn ta ayò. Wọ́n ta ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n ní ọ̀pẹ̀ tí kò mọ ayò ni, kó máa lọ sílé rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí àga ni wọ́n ń wà. Bí mo bá ṣe gbé oúnjẹ sílẹ̀ ni màá ṣe gbé e kúrò. Dókítà ní òun ò rí àrùn kankan."

"Kò lè rí i," ni mo wí. "Ẹnu ló ń yún un."

Kò rẹ́rìn-ín. "Aṣọ wọn ti ń tóbi jù wọ́n lọ, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo bi í bóyá fóònù wà nílé rẹ̀. Ó ní ó wà, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti fà á fún òun. Mo ní bí èmi náà bá ní tèmi, a ó máa ta ayò lórí rẹ̀: kálukú pẹ̀lú ọpọ́n tirẹ̀ níwájú rẹ̀, n óò pe ilé tí mo ta, yóò ta á fún mi níbẹ̀, yóò pe tirẹ̀, èmi náà yóò ta á fún un níbí. Ó wò mí bíi pé mò ń dá a lára yá. Nígbà tó rí i pé ojú mi ò yí padà, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi ṣe é, Bàbá."

Fóònù kan wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí o ta ayò níbẹ̀ nígbà tí èrò tò sẹ́yìn rẹ? Inú ilé lèyí gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀nà méjì ló sì wà láti rí i. Èkíní ni okùn ìjọba, tó ń gba orí òpó wọ̀lú. Gbogbo ayé ló mọ ìṣòro rẹ̀: bí o bá gbé e sétí, á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná. Èkejì ni ti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan láti Ìlọrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì ló gbé e wá. Ó gbé nǹkan kan tó dà bí àwo ńlá sórí òrùlé wa, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní ká kọ́kọ́ dán an wò ná, òun á padà wá gbọ́ èsì.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pè. Ó pe ọmọ wa obìnrin ní Èkó. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó jókòó, ó rọra gbá gèlè rẹ̀ mọ́rí.

"Bàbá wọn, mo gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe ń gbé itọ́ mì. Bíi pé ó wà ní kíṣìnnì. Èyí la ń rà. Má tún sọ̀rọ̀ okùn ìjọba sí mi létí."

Mo ní kò burú. Ní ìrọ̀lẹ́, mo tẹ́ ọpọ́n, mo sì pe Kàdúná.

Ìkíni wa lọ déédéé. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. A bẹ̀rẹ̀ ayò.

"Ulé kejì," ni mo wí, nítorí ulé ni àwa ń pe ilé nínú èdè tiwa. Mo ta á, mo dúró. Kò sọ nǹkan kan. Mo tún dúró. "Akọ̀wé, ṣé o ti sùn ni?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ já lu tèmi, "Ulé karùn-ún." Àwa méjèèjì dákẹ́. Àwa méjèèjì tún sọ̀rọ̀ pọ̀. Mo jẹ méjì, mo bú u. Ó ti ta òmíràn kí èébú náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló bá dà bíi pé orí ayò tó dára ni mo ti ń bú u. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fà á, títí odù mi fi kún.

"Tíṣà, kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ayò ni mò ń ta."

"Irọ́ ni. Ò ń ka odù."

"Èmi? Ìwọ gan-an lò ń pẹ́. Mo ti sọ̀rọ̀ tipẹ́ kó o tó dáhùn."

"Èmi tí ojú ń dùn ni mò ń pẹ́? O rí i pé n ò rí ọ, lo fi da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní tí ò ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. O tún ń dákẹ́ kí n má baà gbọ́ bó ṣe ń dún."

"Akọ̀wé, fara balẹ̀."

Ó ti gbé fóònù sílẹ̀. 

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ pè mí. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí i. Ó ní wọ́n ti ní kóun gbé ọpọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo tó kù fáwọn láyé ló wá ń rẹ́ àwọn jẹ. Láti àná, ẹ̀kọ gbígbóná ìdajì ife ni wọ́n mu, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

N kò bínú sí i. Mo mọ̀ pé n kò ka odù, mo sì mọ Akọ̀wé, kò lè kà á. Nǹkan mìíràn ló wọ àárín wa, ó sì ku kí n mú un. Mo wo ọpọ́n, mo wo fóònù, n kò rí nǹkan kan. Ìyàwó mi ló bá mi mú un láìmọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pe Èkó, ó ń gbàdúrà fún ọmọ wa bó ṣe máa ń ṣe, láìmí.

"Olúwa á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Gbogbo àwọn tó ní kó o má rójú, kó o má ráyè—"

"Àmín, Mọ́mì."

Mo gbọ́ ọ láti orí àga mi. Ìyàwó mi gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó.

"Kí lò ń ṣe àmín sí? Mo ní àwọn tó ní kó o má ráyè, Olúwa á tú wọn ká. Ilé rẹ kò ní—"

"Àmín."

"Kò ní kí ni? Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

Mo dìde. Mo ní, "Ìyá wọn, tún àdúrà náà gbà."

"Ìgbà wo lo ti di ẹni tó ń tọrọ àdúrà?"

"Sáà gbà á. Àdúrà kan ṣoṣo, kó o sì dákẹ́."

Ó gbà á, ó dákẹ́. Àwa méjèèjì ń wo ẹnu fóònù. Ó ti fẹ́ bá mi jà kí àmín náà tó dé. Ọmọ tí a tọ́, tí àmín rẹ̀ máa ń já àdúrà gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti kékeré, kò lè ṣàdédé di ẹni tó ń ronú kó tó ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà tí fóònù yẹn ń gbé ọ̀rọ̀ gbà ló jìn.

Nígbà tí onítáì padà dé, mo bi í.

"Ọmọ mi, báwo ni ọ̀rọ̀ mi ṣe ń dé Kàdúná?"

"Ó ń gba sátẹ́láìtì ni, Bàbá. Á gòkè lọ bá ẹ̀rọ kan lójú ọ̀run, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi mọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ibẹ̀ jìnnà?"

"Ó jìnnà gan-an, sà." Inú rẹ̀ ń dùn láti sọ ọ́.

"Àmín náà á gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀?"

"Àmín wo, sà?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí díẹ̀ sí i lọ, kò sẹ́ni tó ń kíyè sí i. Mo ní ẹni tó bá ń sọ pé òun dé láyọ̀ kò lè kíyè sí i, ẹni tó bá ń ta ayò yóò kíyè sí i. Ó wo ìyàwó mi bíi pé kó gba òun. Ìyàwó mi ní, "Má wò mí. Tíṣà ni bí o ṣe rí i yẹn."

Ṣùgbọ́n n kì í fi ojú lásán ra ọjà. Mo mú ìyàwó mi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, pé kó gba àdúrà kan náà lórí okùn ìjọba. Ariwo ẹ̀pà yíyan bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti fi ìka di etí kejì.

"Olúwa á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

"Àmín," ni gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa wí.

Mo yíjú sí wọn. "Ẹ dákún, ẹ má ṣe àmín. À ń dán nǹkan wò ni."

"Tíṣà, àdúrà la fẹ́ jẹ́ kó kọjá lọ?" Obìnrin kan láti Ìdòfin ló sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé àpò sórí ẹsẹ̀.

"Ẹ máa ṣe tiyín nínú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́. Ìyàwó mi tún un gbà. Ó ku bíńtín kó pa ẹnu dé nígbà tí àmín ọmọ wa dé, ó rí tín-ín-rín, ariwo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó, ṣùgbọ́n ó já a gbà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń ṣe nílé. Ìyàwó mi kọ́ ọ sílẹ̀. A jọ ń rìn bọ̀ wálé.

"Ohùn ọmọ mi ńkọ́?" ló wá wí. "Tó mọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Nítorí ayò."

"Nítorí ẹni tí kò jẹun ni."

Ó rìn díẹ̀ sí i. "Jẹ́ kí wọ́n fa okùn ìjọba wọlé. Ṣùgbọ́n èmi ni yóò kọ́kọ́ pe Akọ̀wé, kì í ṣe ìwọ."

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níléèwé wà ní ọ́fíìsì tẹlifóònù, mo sì ń lọ jókòó síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi sú u. Wọ́n ri òpó, wọ́n fa okùn náà gba etí òrùlé, wọ́n so ó mọ́ ògiri pálọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó mi pe Kàdúná. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Fún mi ní bàbá rẹ," ló sọ fún ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, "Akọ̀wé, èmi ni."

"Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o." Mo gbọ́ ọ láàrin ariwo náà. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà nínú pálọ̀. Tíṣà ò ka odù. Fóònù yẹn ló ń fa ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn, ó ba àdúrà mi náà jẹ́. A ti dá a padà. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọpọ́n jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ariwo ẹ̀pà yíyan ń dún nínú fóònù. Lẹ́yìn náà a gbọ́ tó ń sọ nǹkan sí ọmọ rẹ̀, a gbọ́ igi tó ń fara họ ilẹ̀, a gbọ́ ọmọ ayò tó dà. Ìyàwó mi na fóònù sí mi, ó sì jókòó.

"Ulé kẹta," ni mo wí.

"Ulé kìíní. Ariwo wo nìyẹn nílé yín?"

"Ulé kẹfà. Ìjọba ni."

"Ulé kejì. Mo jẹ mẹ́ta. Ọ̀pẹ̀ ni ìjọba náà, ọ̀pẹ̀ ni ìwọ."

Ọmọ ayò kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi nígbà tí èébú náà dé. Mo ní n óò fi odù bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ṣé èyí tí mo ń kà lórí ẹní ni. Mo ní kò ní ìtìjú. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ọ́ tán. Ó na mí ní àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé yóò nà mí, mo sì jẹ́ kó sọ gbogbo ohun tó ti kó sínú láti ìgbà tó ti kúrò ní Ọ̀sì. Láàrin èkejì, nígbà tó kàn án láti ta, ó dákẹ́.

"Akọ̀wé?"

"Dúró níbẹ̀," ló wí. "Wọ́n gbé iyán dé."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé àwo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹran náà kéré. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan mìíràn ju ẹ̀pà yíyan lọ, àti ẹnì kan tó ń jẹun láàrin rẹ̀. Mo fi ìka mi sínú ilé kẹrin, mo sì dúró dè é.