Ọkọ̀ Tó Gba Gbogbo Wa

Ní ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ka àwọn ọmọ. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló fi òfin náà lélẹ̀. Kí ẹ má ṣe rò pé Màmá kò mọ ìṣirò o. Ó mọ iye iṣu tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan níbẹ̀ láìsọ fún un, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Màmá a máa wí pé ohun tí èèyàn bá ń kà, ó ti ń retí kí ó dín ni.

Èmi tí mò ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi láràárọ̀ ní ilé-ìwé kan ní Àpápá, tí mo sì ń fi gègé pupa sàmì sí ẹni tí kò wá, mo gbà fún un. Òfin ilé-ìwé wà fún ilé-ìwé, ti ilé wà fún ilé.

Bí a ṣe gbàgbé ọmọ kan sílé nígbà ọdún Àjíǹde nìyẹn.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló bí i, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Baba wọn ló kọ́kọ́ kú, ìyá wọn tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì wá ń gbé lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo bí. Ìjẹ̀bú là ń lọ. Àwa kan wọ ọkọ̀ kékeré ọkọ mi, àwọn yòókù wọ takisí tí a háyà. Àwa rò pé ọmọ náà wà nínú takisí. Àwọn ará takisí rò pé ọ̀dọ̀ wa ló wà. Kò sẹ́ni tó kà wá. A ti dé Ṣágámù, a dúró kí àwọn ọmọ tọ̀, kí àbúrò rẹ̀ tó wo ọ̀tún wo òsì, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Ọkọ mi ló sáré padà. Ó bá a lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì tí mẹkáníìkì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún un. Mẹkáníìkì náà kò bá ọkọ mi wí. Ó kàn sọ pé, "Oga, una forget person."

Ọmọ náà kò sunkún. Nígbà tí wọ́n dé Ìjẹ̀bú nírọ̀lẹ́, mo fà á mọ́ra, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì. Mo rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu ọmọdé. N kò tíì gbọ́ èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ àgbà ẹbí, tó wá ṣọdún láti Kàdúná, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pè wá jókòó. "Ìyàwó, mi ò bá yín jà o. Ọmọ ló pọ̀ jù fún yín. Ọkọ̀ yín kò gbà wọ́n. Tí ẹ bá wá fún Kérésìmesì, obìnrin á bá mi lọ sí Kàdúná, ọkùnrin á lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan baba rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó parí."

Mo kúnlẹ̀ dá a lóhùn pé, "A gbọ́, sà," nítorí bí a ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúnkún mi nìkan ló kúnlẹ̀. Ọmọ méjì tí kò ní ìyá, tí kò ní baba, tí kò ní nǹkan mìíràn ju ara wọn lọ, ni wọ́n fẹ́ pín bí ẹran iléyá. Nítorí kí ni? Nítorí ọkọ̀ kò gbà wọ́n.

Nígbà tí a padà sí Èkó, mo sọ fún ọkọ mi pé kí a ta ọkọ̀ kékeré náà, kí a fi ra bọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Bọ́ọ̀sì kẹ̀, Tíṣà? Wọ́n á ní mo ti di onímọ́tò."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹnu wọn kọ́ la fẹ́ wọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú."

Wọ́n kúkú wí. Ní ilé-ìwé, ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bi mí níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Mísíìsì, kọ̀ndọ́ mélòó lẹ fẹ́ gbà síṣẹ́?" Mo ní kó má ṣèyọnu, mo ti bí wọn sílé.

Ó tó oṣù mélòó kan kí a tó gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ní Warehouse Road, lẹ́bàá èbúté Àpápá, fẹ́ ta bọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́ wọn. Ọkọ mi fẹ́ dá lọ. Mo ní rárá, ara ni wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo wa fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀: Màmá níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àwọn ọmọ tò tẹ̀ lé e, mẹkáníìkì wa ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò irin iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń já ẹrù lójú ọ̀nà dúró wò wá. Mo gbé orí mi sókè.

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ìjókòó rẹ̀ rọ̀. Èkejì rí bí eérú. Wọ́n ti ha orúkọ ilé-iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ etí rẹ̀. Búlúù ni ọkọ mi lọ bá. Ó ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

Ọkùnrin tó ń tà á béèrè pé, "Èèyàn mélòó ni yín, sà?"

Ọkọ mi wo Màmá. Màmá wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

"Ẹ má bínú, Mà. Kí n lè mọ èyí tó máa gbà yín ni."

"Ọkọ̀ á fẹnu ara rẹ̀ sọ."

Àwọn ọmọ wọ búlúù. Wọ́n sún, wọ́n fún ara wọn, èyí tó kéré jù lọ gun ẹsẹ̀ Màmá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ọmọ tí a gbàgbé sílé lọ́jọ́sí ṣì wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó tì í síta. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ fún àwọn yòókù. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Èyí dára, Mọ́mì. Mo lè máa dúró ti ilé."

Ọkọ mi gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára ọ̀dà náà. Ṣùgbọ́n ó ṣì ní, "A lè gbé e lé ẹsẹ̀ ẹnì kan."

Ibi tí ọmọ náà dúró sí ni mo wò. Ọwọ́ òsì ọkọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà lè má mọ̀: apá òsì ọ̀nà ni ọkọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ yìí, kí ìjọba tó ní kí gbogbo wa bọ́ sí ọ̀tún. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà ni. Ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣe búlúù fún. Bí a bá gúnlẹ̀ sí etí títì, àárín ọ̀nà ni ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí sí.

Mo ní, "Ẹ wo ilẹ̀kùn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n máa yára bọ́ sílẹ̀ ni, Mà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́ ló bí wọn. N kò ní já ọmọ mi sílẹ̀ láàárín títì, n kò sì ní fi ọ̀kan sílé. Ẹ ṣí ìkejì."

Ìkejì dé orílẹ̀-èdè yìí lẹ́yìn ìyípadà náà. Iṣẹ́ èbúté ló sọ ọ́ di arúgbó. Ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Mẹkáníìkì wa ṣí iwájú rẹ̀, ó ní kí wọ́n tan án, ó tẹ́tí, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ títí aṣọ rẹ̀ fi kún fún epo. Ó dìde. "Madam, this one ugly, but e strong. No be paint dey carry person."

Àwọn ọmọ wọlé. Mo ti ọmọ náà ṣíwájú mi. Nígbà tí gbogbo wa jókòó tán, ìjókòó kan ṣófo. Màmá bojú wẹ̀yìn. Kò ka ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ó gbà wá, ó sì tún ṣẹ́kù."

"Ó burẹ́wà o, Tíṣà," ni ọkọ mi wí.

"Ṣé ibi ìdíje ẹwà là ń lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bá ọkùnrin náà.

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì náà dé ilé, mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Ìwọ ni wàá máa ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ọkọ̀ kò ní kúrò nílẹ̀ bí ilẹ̀kùn kò bá tì, ilẹ̀kùn kò sì ní tì bí o kò bá sí nínú ọkọ̀. Ṣé ó yé ọ?" Ó rò ó wò. Ó ní ó yé òun.

Nígbà Kérésìmesì, a dé Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró níwájú ilé, ó ń wo bọ́ọ̀sì wa. "Ọkọ̀ agbérò rèé!" Bí àwọn ọmọ ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ó na ìka. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta..."

Ohùn Màmá já láti ìjókòó iwájú. "Ká ìka rẹ kò! Ta lò ń ka ọmọ fún?"

"Màmá, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo wọn dé ni."

"Gbogbo wọn dé."

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ padà. A ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ọkọ mi ti tan án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì yẹn. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní Kàdúná."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ sọ fún wa pé ọkọ̀ wa kò gbà wọ́n. Ó ti gbà wọ́n, sà."

Ó wo inú ọkọ̀. Ó rí ọmọkùnrin náà láàárín àwọn ọmọ mi. Ó rí ìjókòó tó ṣófo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà dìde, ó di ilẹ̀kùn mú. "Bàbá, ẹ wọlé tàbí kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

A kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ sọ́nà lórí èyí tó kéré jù ú lọ. Mo wo iwájú.

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ọmọ náà ti ilẹ̀kùn, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì kó lè wọlé dáadáa, ó sì jókòó.