Àgbàdo Wálẹ̀, Ẹ̀kọ Kò Gbọ́

Ẹ̀kọ ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ nínú ìkòkò, ìyá àgbà mi ń fi orógùn rò ó, òórùn ewé eéran tí mo ń nù sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé kan. Ẹ̀bá Ọ̀fà Garage ni à ń gbé nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ariwo àwọn tó ń pèrò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpọn méjì ni ìyá fi ń bu ẹ̀kọ sínú ewé: ńlá àti kékeré. Iye tó ń ta ẹ̀kọ kì í yí padà, ìdì rẹ̀ ló ń yí. Bí àgbàdo bá wọ́n lónìí, kí oòrùn ọ̀la tó yọ, ìpọn kékeré ti dé ọwọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n bí àgbàdo bá wálẹ̀, ìpọn ńlá á ṣì wà lórí àjà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn, torí ọmọ ọ̀fíntótó ni mí.

Oníbàárà tí ìyá fẹ́ràn jù ni tíṣà kan, obìnrin ará Ọ̀mù-Àrán tó ní ọmọ mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀kọ lọ́wọ́, ó wò ó títí.

“Ìyá, ẹ má bínú o. Èyí ò yó àwọn ọmọ mi mọ́. Wọ́n ní àgbàdo ti wálẹ̀, àbí ẹ̀kọ ò tíì gbọ́ ni? Bó bá máa rí báyìí, màá kúkú máa rà lọ́nà Challenge.”

“Tíṣà, àgbàdo tó wọ́n yẹn ni mo ṣì ń lọ̀.”

“Ìyá, ìyẹn ti tán,” ni mo sọ. “Èmi ni mo gbọn àpò rẹ̀ ní Jímọ̀.”

Ìkó ni mo ń retí. Ìyá nu ọwọ́ sára ìró.

“Ọmọ yìí jàre mi, Tíṣà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò pé á tún gòkè lọ́la. Àmọ́ owó tí mo bá parọ́ gbà, kò lálùbáríkà.”

Ó dìde, ó lọ mú ìpọn ńlá.

Nígbà tó yá, mo bi í pé kí ló dé tí ọ̀wọ́n fi ń yára ju ọ̀pọ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín. “Ohun tó ń dunni, kíá là ń sọ ọ́ síta. Èyí tó bá dùn mọ́ni, à á kọ́kọ́ dá jẹ díẹ̀.”

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni èmi ń tà báyìí. Bí ọjà bá gòkè, èmi náà kì í pẹ́ sọ ọ́. Bó bá wálẹ̀, ẹnu mi á wúwo. Ó ń tì mí lójú. Mo ti jogún ẹ̀rù ìyá àgbà mi délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sọ fún oníbàárà kankan pé ó jàre mi.