Aṣọ Rọ́bà tí Akínwọlé Wọ̀ Lọ sí Ìsàlẹ̀ Odò

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni Akínwọlé.

Gẹdú ló ń yọ nínú odò. Àwọn oníṣẹ́ pákó máa ń jẹ́ kí omi gbé igi wọn lọ, èyí tó bá wúwo a sì rì. Bó bá ti rì, Akínwọlé ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Yóò fi ẹnu rọ́bà sẹ́nu, rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá láti inú ọkọ̀ ojú omi, yóò lọ sísàlẹ̀, yóò so ṣéènì mọ́ igi. Tàófíìk tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lókè. Ọmọ Òdìgbó ni Akínwọlé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kòkó. Òun kò mọ kòkó. Odò ló mọ̀.

Àdín làwọn òmùwẹ̀ ibẹ̀ fi ń para kí wọ́n tó wọ omi. Òun náà ń fi para. Ṣùgbọ́n ara ń dàgbà, àdín kò sì mọ̀. Nígbà ọyẹ́, òtútù mú un nísàlẹ̀ odò títí ọwọ́ rẹ̀ fi le gan-an-gan, kò lè di okùn mú. Tàófíìk ló fà á jáde bí ẹni fa ewúrẹ́ yọ nínú kànga. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní kó wá nǹkan gidi wọ̀ sára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi odò sílẹ̀. Hannah ìyàwó rẹ̀ ní kó kúkú fi sílẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Bó bá fi odò sílẹ̀, kí ni yóò máa ṣe? Ohun tó ń rò nìyẹn tó fi gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rẹ̀.

Ìdáyátù ń ta òkìríkà nítòsí gáréèjì. Aṣọ rọ́bà dúdú méjì, irú èyí táwọn òyìnbó fi ń wọ omi, wà nínú ọjà rẹ̀. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ó na èyí tó kéré sí Akínwọlé. Akínwọlé wò ó, ó rí i pé yóò lẹ̀ mọ́ òun níwájú, yóò lẹ̀ mọ́ òun lẹ́yìn. Ẹni tó ti fi ọmọ fọ́kọ kì í wọ irú ẹ̀. Èyí tó tóbi ló mú, pé òun á tún lè wọ súwẹ́tà sábẹ́ ẹ̀.

“Bàbá, èyí gba ẹ̀yin àti ìyàwó yín,” Ìdáyátù sọ.

“Aṣọ tó bá gba ni là ń pè láṣọ.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í ṣe òmùwẹ̀, àmọ́ bí kò bá dáa, kó má jẹ́ kó ya, kó wá fi gba ìkejì.

Kò dáa. Bó ṣe wọ odò, omi gba ọrùn wọlé, ó kún apá, ó kún ikùn, ó kún ẹsẹ̀. Omi tútù ń wọlé, omi tútù ń jáde, ó wá burú ju ìhòòhò lọ. Kò lè gun ọkọ̀ mọ́. Tàófíìk dì í lápá mú títí wọ́n fi dé bèbè, ó ní kó dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè. Omi tú jáde lọ́rùn bí ìgbà tí wọ́n dojú àgbá dé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wò ó bóyá ẹ kó ẹja bọ̀.”

Akínwọlé kò rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó ju aṣọ náà sílẹ̀, ó sọ fún Hannah pé ó tó, òun ti fi odò sílẹ̀.

Ohun tí obìnrin náà ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Síbẹ̀ ó ń ṣọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ọ̀nà odò. Ilẹ̀ mọ́, ó tún jókòó síbẹ̀. Ìgbà tó yá, Hannah di aṣọ rọ́bà náà, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rẹ̀ láìsọ fún un. Èyí tó kéré ló gbé bọ̀.

“Ìyá Moyọ̀, ṣebí ìwọ lo ní kí n kúrò lódò.”

“Èmi ni. Ẹ ti kúrò lódò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì délé. Ẹ dìde, ẹ wọ̀ ọ́.”

Kò wọlé. Ọrùn ẹsẹ̀ ló há sí. Hannah fi àpò ọ̀rá wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀, rọ́bà sì yọ̀ gòkè. Ìdáyátù ló kọ́ ọ, bí ọmọ tirẹ̀ ṣe ń wọ jíǹsì nìyẹn. Akínwọlé ní ó fún òun, òun kò lè mí. Hannah ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mí.

Wọ́n dé odò, wàhálà mìíràn tún dé. Rọ́bà náà kò jẹ́ kó rì. Ó léfòó bí igbá. Hannah lọ tọrọ òjé tó ń mú àwọ̀n rì lọ́wọ́ apẹja kan, ó lọ rán an sínú ọ̀já tó fi pọn Moyọ̀sọ́lá àti àwọn àbúrò rẹ̀, ó dì í mọ́ ọkọ rẹ̀ ní ìbàdí. Akínwọlé fẹ́ ta á ní kókó, bí òmùwẹ̀ ṣe ń ta okùn. Hannah gbá a lọ́wọ́.

“Ọ̀já kì í ní kókó. Ẹ ki etí ẹ̀ bọ abẹ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ á bọ́.”

Ó fà á wò lórí ilẹ̀. Ó bọ́. Wọ́n tún un dì.

Ó lọ sísàlẹ̀. Omi díẹ̀ wọlé, ó tutù, àmọ́ kò rí ọ̀nà jáde. Ó dúró sí i lára, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó bá gẹdú náà nínú ẹrẹ̀, ó so ṣéènì mọ́ ọn, ó tún fi ọwọ́ pa igi náà lára díẹ̀ kó tó gòkè.

Hannah dúró lórí bèbè. Kò tíì jókòó látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wọ omi. Akínwọlé kì í ṣe ẹni tó ń dúpẹ́ kiri. Ó yọ ẹnu rọ́bà lẹ́nu, ó wò ó.

“Ìyá Moyọ̀, o ṣeun. Mo dúpẹ́.”

Hannah ní kó bọ́ aṣọ náà pẹ̀lẹ́, kó má ya á.

Akínwọlé fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìdáyátù, ó fún apẹja náà ní tirẹ̀. Púpurú ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó àti ẹja àrọ̀.