Káàdì Àwòrán Ti Kẹ́yìndé

Bí ẹ bá dé Igbó-Ọrà tí ẹ béèrè Tàófíìk tíṣà, wọ́n lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Táyé tó máa ń tú kọ̀ǹpútà, wọn á mú yín dé ẹnu ọ̀nà wa. Ògiri kan ló wà láàárín ilé tiwọn àti tèmi, ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà la sì jọ ń kọ́ni. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, èmi Obadiah ń kọ́ wọn ní Bíbélì. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ahun ni Táyé. Mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀, n ó sì tún sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Táyà ọ̀kadà rẹ̀ ti dán bí orí mi, síbẹ̀ ó ní ó ṣì lè gbé òun dé Èrúwà. Ohun tó mú un fẹ́ràn Líńọ́ọ̀sì náà nìyẹn, ètò tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, tí ẹnikẹ́ni sì lè tú palẹ̀ kó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ó tún ṣeé tú. Ìgbádùn Táyé kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ilé náà tí kò gbà fún ahun, ìyẹn Màmá Hàlímọ̀, ìyá rẹ̀. Ìbejì ni Táyé. Làtíífàt ni ìkejì rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní Kánádà, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti lọ. Láti ọjọ́ tí Màmá ti bí wọn, ohun tí wọ́n bá rà fún Táyé, wọ́n gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ fún Kẹ́yìndé, kí ọ̀kan má bàa bínú. Ìlú wa kún fún ìbejì, kò sí ẹni tí kò mọ àṣà yìí, àmọ́ tí àwọn ọmọ bá ti dàgbà, ọ̀pọ̀ ìyá á rọra jọ̀wọ́ rẹ̀. Màmá kò jọ̀wọ́ nǹkan kan. Táyé ti lé ní ogójì ọdún, tó bá ra agboòrùn, á ra méjì. Tó bá ra bẹ́líìtì, á ra méjì. Yàrá kan wà nínú ilé náà tó jẹ́ ti Kẹ́yìndé, ẹrù ibẹ̀ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, títí kan abẹ tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n. Lémọ́mù ti bá Màmá sọ ọ́ pé kò sí èyí nínú ìwé. Màmá ní, "Lémọ́mù, ṣé ẹ ti bí ìbejì rí?"

Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún Màmá pé ojú ọ̀tún ti lọ, pé ti òsì náà ń tẹ̀ lé e, pé kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Màmá kò sunkún. Ó kàn ní, "Kí èyí tó kù yìí tó lọ, ẹ jẹ́ kí n rí ojú Kẹ́yìndé." Lórí fóònù, ọmọ náà kéré jù, òjìji lásán ni Màmá ń rí. Làtíífàt kò sì tíì rí ìwé tó lè fi wálé kó tún padà. Ló bá fi fóònù tuntun rẹ̀ ya fídíò gígùn kan, ó fi ránṣẹ́, ó ní kí Táyé gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní pálọ̀.

Táyé ti fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan ṣe ohun tó pè ní sinimá ilé. Ó fi Líńọ́ọ̀sì sí i, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, fíìmù àtijọ́ sì ń lọ geere lórí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó gbé fídíò Làtíífàt sí i, ńṣe ni ọmọ náà ń kólòlò. Ojú rẹ̀ dúró síbì kan, ohùn rẹ̀ ti lọ jìnnà.

"Ṣé ara ọmọ mi yá báyìí?" Màmá béèrè.

Táyé ní ara Làtíífàt yá, ara kọ̀ǹpútà ni kò yá. Ó ní irú fídíò tuntun yìí ju agbára rẹ̀ lọ, pé káàdì àwòrán ló kù, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kó lè máa bá a gbé àwòrán.

Ó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ yan káàdì yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó kúrò ládùúgbò. A jókòó ní yàrá àwọn tíṣà, káàdì. A ń lọ sílé, káàdì. Ó gbọ́dọ̀ kúrú, torí ikùn kọ̀ǹpútà náà tẹ́ẹ́rẹ́. Kò gbọ́dọ̀ jẹ iná púpọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ní fáànù tó ń pariwo, kí Màmá lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ irú fídíò tuntun náà, Líńọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ gbà á láìjà. Lórí gbogbo rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ́n.

Mo ní, "Táyé, nígbà tí o fẹ́ fẹ́ Kíkí, ṣé o wádìí tó báyìí?"

Ó ní ìyẹn rọrùn, torí Kíkí kan ṣoṣo ló wà lọ́jà.

Níkẹyìn, ó rí èyí tó pé lọ́dọ̀ Abíọ́dún, ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Èrúwà. Owó ọwọ́ rẹ̀ ká a, kò sì ṣẹ́kù. Ó wá ń dágbére fún Màmá.

"Kí lo fẹ́ lọ rà?"

"Káàdì àwòrán, Màmá."

"Ti Kẹ́yìndé ńkọ́?"

"Màmá, ihò kan ṣoṣo ló wà fún un nínú kọ̀ǹpútà."

"N ò bi ọ́ ní ti kọ̀ǹpútà. Ti Kẹ́yìndé ni mo bi ọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ yan káàdì ṣe. Nígbà tó dé Èrúwà, ó fi èyí tó pé sílẹ̀, ó pín owó sí méjì, ó ra káàdì àtijọ́ méjì tó jọra. Abíọ́dún ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn wọ̀nyí ò lè gbé fídíò yín o." Ó ní òun mọ̀. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Màmá súre fún un, ó gbé ọ̀kan sí yàrá Kẹ́yìndé. Táyé ki ìkejì bọ kọ̀ǹpútà. Làtíífàt ṣì ń kólòlò, ojú rẹ̀ tún wá di àwọ̀ ewé. Màmá sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"N ò rí i," ló sọ, ó sì dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Táyé kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé láti bá a wí.

Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí Màmá ń kírun, ó yọ́ mú káàdì yàrá Kẹ́yìndé, èmi àti ẹ̀ jọ gun ọ̀kadà lọ sí Èrúwà. Abíọ́dún gba méjèèjì padà, ó sì fún un ní èyí tó pé. Ọ̀kan péré. Bí a ṣe ń bọ̀, Táyé ní òun ti mọ ohun tí òun máa ṣe: ojú Màmá kò ríran dáadáa, òun á fi ọ̀kan náà hàn án lẹ́ẹ̀méjì. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Bíbélì, mo ní ó dáa.

Ó fi káàdì náà lé Màmá lọ́wọ́. "Màmá, ti Táyé nìyí." Màmá fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Táyé gbà á, ó yí ẹ̀yìn padà, ó wúkọ́, ó tún fi lé e lọ́wọ́. "Ti Kẹ́yìndé nìyí."

Màmá dì í mú fúngbà díẹ̀.

"Táyé."

"Màmá."

"Ti Kẹ́yìndé yìí ti gbóná láti ọwọ́ mi. Ojú ló ń dùn mí, ọwọ́ ò dùn mí."

Kíkí sá wọ ilé ìdáná, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀. Màmá yí àga rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ohun tí wọ́n bá fi rẹ́ ọmọ òun jẹ, òun ò ní wò ó. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, ẹsẹ̀ mi ò gbéra.

Táyé ń làágùn, ó ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ohùn Làtíífàt jáde geere: "Màmá mi, ẹ káàsán o."

Màmá yí àga padà.

Ojú Làtíífàt kún tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́ kedere. Màmá fi ọwọ́ kan gíláàsì náà níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wà. "Ó ti sanra," ló ní. "Ó ti hu ewú." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì. Èmi náà sunkún, n kò sì fi bò.

Làtíífàt ń gbé fóònù rẹ̀ káàkiri yàrá, ó ń fi fèrèsé àti yìnyín ìta hàn wá. Lójijì, Màmá pariwo.

"Dá a dúró! Bàtà ọkùnrin ta nìyẹn?"

Òun tí ojú ń dùn ló kọ́kọ́ rí i. Bàtà òtútù ti obìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà, ti ọkùnrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tuntun ni, ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Kóòtù méjì aláwọ̀ kan náà wà lára ògiri, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ife méjì tó jọra wà lórí pẹpẹ, ọ̀kan ṣì wà nínú ọ̀rá.

"Yéè!" Kíkí sáré jáde. "Àǹtí mi ti lọ́kọ, wọn ò sọ fún wa!"

Màmá ní kí wọ́n pè é kíá. Kíkí pè é, ó gbé fóònù sétí Màmá, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́.

"Làtíífàt, ta ló ni bàtà ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ?"

"Ìyẹn? Ti Táyé ni, Màmá. Ohun tí mo bá ti rà fún ara mi ni mo ń ra tirẹ̀. Ṣebí bí ẹ ṣe tọ́ wa nìyẹn?"

Táyé ní òun fẹ́ lọ yẹ táyà ọ̀kadà wò. Ó pẹ́ níta, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n nígbà tó wọlé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bí a ṣe jáde nílé ìwé, ó kó owó tó ti ń tọ́jú fún táyà, ó ní kí n sin òun dé Èrúwà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí tí ẹ rà kò ṣiṣẹ́ ni?" Abíọ́dún béèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé ẹ ti ní kọ̀ǹpútà mìíràn ni?"

"Rárá," Táyé dáhùn. "Tèmi ni mo rà lọ́jọ́ yẹn. Ti Kẹ́yìndé ni mo wá rà."

Abíọ́dún dá iye lé e. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Táyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò ná ọjà.