Ẹni Tó Jókòó Sínú Ọkọ̀

Fíìmù náà pa mí lẹ́rìn-ín. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí bí mo bá fi pamọ́, irọ́ ni gbogbo ìyókù yóò jẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì ń kí mi lójoojúmọ́.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ló gbé e wá nínú fóònù rẹ̀ sílé wa ní àdúgbò Ladjifarani, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ọkùnrin kan ló ń rìn káàkiri nínú rẹ̀, tó ń bá àwọn ẹlẹ́sìn sọ̀rọ̀ láti fi hàn pé òfo ni ẹ̀sìn. Kì í bínú. Yóò kàn béèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọdé, yóò sì dákẹ́. Faransé tí mo kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbé mi dé ibi gbogbo, ọmọ mi ló ń túmọ̀. Wòlíì kan ní àdúrà òun máa ń dá òjò dúró. Ọkùnrin náà bi í pé ta ló ni agboòrùn tó wà lábíyá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ní Ọlọ́run yọ òun nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ọkùnrin náà bi í pé, "Ẹni tó jókòó tì yín ńkọ́?" Obìnrin náà la ẹnu. Wọ́n gé e síbẹ̀, wọ́n fi orin ẹ̀fẹ̀ sí i.

Ọmọ mi dá fíìmù náà dúró. "Baba, ẹ bá obìnrin yìí dáhùn."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń sọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ wọ bọ́ọ̀sì láti Kútọnu. Nígbà tí ìrun Alaasari tó, awakọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún àwa tó fẹ́ kírun. Mo wà ní ìforíkanlẹ̀ nígbà tí tírélà kan já lu bọ́ọ̀sì náà látẹ̀yìn. Ìyàwó mi wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá foríkanlẹ̀, ọkọ̀ ni etí mi máa ń gbọ́. Màá gbórí sókè kí n tó parí àdúrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kírun nílé. Ọmọ mi ti rí i.

Lọ́jọ́ àdúrà fídáù ìyàwó mi, áfáà wàásù pé ìrun ló yọ àwa tí a sọ̀ kalẹ̀. Ní Zongo, níbi tí mo ti ń ta ẹ̀yà alùpùpù, wọ́n ń fi kí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ìrun yín ló gbà yín." Ọmọ mi jókòó láàárín àwọn obìnrin lọ́jọ́ náà, ó sì gbọ́ ohun tí áfáà kò sọ síta: pé ìyá òun ya ọ̀lẹ, kò sọ̀ kalẹ̀ kírun. Kò kírun mọ́ látìgbà náà. Mi ò bá a wí. Ẹ̀rù ń bà mí kí òun náà má bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ọkùnrin yìí ti borí yín," ọmọ mi ní.

"Ó gbọ́n," mo ní. "Ìbéèrè rẹ̀ dára ju ìdáhùn tí wọ́n fún mi lọ. Ṣùgbọ́n òun ló mú ọ̀bẹ tó fi ń gé ọ̀rọ̀ wọn. Bóyá obìnrin yẹn ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Kí ló fẹ́ sọ?"

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí bàbá ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ. Ìyá rẹ̀ ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Òfin ìrun ló ní kó jókòó. Ó na bútà omi alùwàlá sí mi láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ má pẹ́ o, ebi ń pa mí."

Ọmọ mi wò mí. "Màmá ò ya ọ̀lẹ, nígbà náà."

"Ìyá rẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ pa ìrun jẹ rí."

"Ẹ wá jókòó níwájú áfáà, ẹ ń ṣe àmín?"

"Ojú tì mí."

Ó sunkún. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé òfin yẹn ló pa á?"

"Mi ò mọ̀."

Ládàánì pe ìrun Alaasari. Mo ṣe alùwàlá, mo tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Ọmọ mi kò bu omi. Ó gbé àpótí sí ẹnu géètì, ó jókòó, ó kọjú sí títì.

"Ẹ máa kírun yín, Baba," ó ní. "Mo ń wo ọ̀nà."