Dùùrù Tí Kò Ní Bọ́tìnnì

Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹgbẹ́ olórin wa pààrọ̀ orúkọ, èmi ni mo sì ń fà á. Ara mi kì í balẹ̀. Bí a bá kọ orin kan tán lónìí, màá ti fẹ́ tú u palẹ̀ lọ́la. Mẹ́ta péré ni wá: ọ̀rẹ́ mi ará Múṣin tó ń ta gìtá, ọmọbìnrin tíṣà kan ní Yaba tó ń kọrin, àti èmi tí mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ ní Surulere, bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Eyín funfun kíbọ́ọ̀dù nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bí orin bá ga ju ẹni tó ń kọ ọ́ lọ, bọ́tìnnì kan wà tí màá tẹ̀, kíbọ́ọ̀dù á bá mi gbé e wálẹ̀, ìka mi ò ní kúrò níbi tó wà. Màmá kan nínú akọrin máa ń sọ pé, "Ẹ kọ́ eyín dúdú o, ẹ̀yin ọ̀lẹ yìí." Màá ní, "Ẹ máa gbàdúrà fún wa, mà."

Nígbà tí wọ́n pè wá kí a wá ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Èbúté Mẹ́ta, bàbá ọmọbìnrin tó ń kọrin fún wa ní òun máa wá wò ó. Bí kò bá jọ iṣẹ́ gidi, kí ọmọ òun gba iṣẹ́ tíṣà tí òun bá a wá sí Ìbàdàn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò lè jókòó. Mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Ojú Ẹlẹ́gbà dé Tejúoṣó láìní ohun tí mo fẹ́ rà.

Dùùrù onígi ńlá ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa. "Ojúlówó ni o, ẹ̀gbọ́n," ni ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ wí. Mo mọ̀ pé kò lè ní bọ́tìnnì, síbẹ̀ mo ń fọwọ́ wá a.

Mo sọ ọ́ sí ọmọbìnrin náà létí pé mi ò ní lè gbé orin náà wálẹ̀ fún un. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ti jókòó síwájú, tó káwọ́ mọ́ àyà.

"Abẹg, ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Màá bá a lókè níbẹ̀."

Ó bá a ní ẹsẹ àkọ́kọ́. Nígbà tó kan ègbè, ohùn rẹ̀ já. Ó tún gbé e, ó tún já. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Níta, bàbá rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ìwọ gbìyànjú, ọmọ mi. Ọmọ tèmi yìí ni ò lóhùn. Ọ̀la ló ń lọ sí Ìbàdàn."

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò mí, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."