Ohun Tí Kò Jẹ́ Kí Sìlífátù Gbé Ọmọ-ọmọ Rẹ̀

Ẹ má tíì dá Sìlífátù lẹ́jọ́ o. Àwọn ará Ìjú ti dá a lẹ́jọ́ tán, wọ́n ní ìyá burúkú ni, wọ́n ní ó kórìíra ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí. Èmi Àrínọlá tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́ ti ẹnu mi. Inú mi tètè máa ń ru, lóòótọ́, àmọ́ n kì í purọ́.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ọgbà l'Ékòó la jọ ń bá ṣiṣẹ́. Ọdún kejì tí ìjọba alágbádá gba ìlú lọ́wọ́ sójà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwa obìnrin là ń to bisikíìtì sínú ọ̀rá, tí a ó tún tò ó sínú páálí. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Sìlífátù, àwa méjèèjì ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọmọ Èkìtì ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun, Òkè-Kótó ní Agége ló ń gbé pẹ̀lú Ràsákì ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbọ́ ọ láàárín ariwo ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ẹ̀rín yẹn ṣàdédé dákẹ́.

Ooru ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. A lè jókòó báyìí, kí fáànù máa fẹ́ sí gbogbo wa, kí Sìlífátù kàn dìde fùú, kó ya páálí, kó máa fi fẹ́ àyà. Òógùn á bo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Kò ní pẹ́ tí òtútù á tún fi mú un. Mo wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìyá Kaothar, àbí o gbé ààrò mì ni?" Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀, á ti dá a padà fún mi ní ìlọ́po méjì. Lọ́tẹ̀ yìí ó kàn wò mí, omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jáde lọ jẹun, ó fà mí sẹ́yìn ògiri, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àrínọlá, mi ò rí nǹkan oṣù mi mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ikùn mi ń wú. Ìró mi ò ká mi mọ́. Mi ò rí oorun sùn. Bí oyún Kaothar ṣe ṣe mí gẹ́lẹ́ nìyí."

Yéè! Mo káwọ́ lérí. Ohun tó fa èyí ni pé Kaothar tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀ wà nínú oyún, ó sì ti wọ oṣù ìbímọ. Ìyá lóyún, ọmọ lóyún, ta ni yóò wẹ ọmọ fún ta? Níbo la ti ń gbọ́ ọ? Bí ọmọ ẹni bá ti ń di ìyá, ńṣe ni ìyá máa ń rọra kó ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá ọkọ, kó fi ọmọ bíbí sílẹ̀ fún àwọn tó kù.

"Ṣé o ò tíì kó ẹní rẹ ni?"

"Ọkọ mi kọ́ ni Ràsákì ni? Ṣé kí n lé e síta ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ò gba ẹ̀rín. Ìtìjú nìkan kọ́ ló ń dà á láàmú. Nínú ilé tiwọn, èèwọ̀ ni kí obìnrin tó lóyún wẹ ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí, kódà kó gbé e. Ìyá ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ sí wọn létí láti kékeré pé oyún inú á máa bá ọmọ ọwọ́ du ẹ̀mí, ọ̀kan nínú méjèèjì ò sì ní dúró. Bó bá wá fọwọ́ kan ọmọ Kaothar, tí nǹkan sì ṣe ọmọ náà ńkọ́? Ohun tó ń rò tọ̀sán tòru nìyẹn.

"Lọ ṣe àyẹ̀wò," ni mo wí.

"Níbo? Ṣé ní kẹ́míìsì àdúgbò wa, kí ìyàwó ẹni tó ni ín gbé ọ̀rọ̀ mi dé mọ́ṣáláṣí kí n tó délé? Àti pé tí wọ́n bá ti wí pé mo lóyún, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Jẹ́ kí n ní sùúrù. Nǹkan oṣù náà ṣì lè wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í retí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, òun náà á sì mi orí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti ara mi náà. Ẹgbẹ́ ni wá, èmi náà sì wà nílé ọkọ.

Ibẹ̀ la wà tí Teslim, ọkọ Kaothar, fi sáré dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eruku. Kaothar ti bí, ó bí ọmọbìnrin. Sìlífátù fò sókè, ó ní "Alihamudu líláì!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi yí padà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Teslim wí. "Ó ń retí yín kí ẹ wá wẹ ọmọ."

Sìlífátù ní wọn ò tíì fún òun láyè níbi iṣẹ́. Irọ́ ni. Ọ̀gá wa ti ní kó máa lọ.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sí Ìjú tí Kaothar àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí àwọn àlùfáà ṣe àdúà tán, Sùlíyá, ìyá Teslim, gbé ọmọ jó wá síwájú wa. "Ìyá wa, ẹ gba ọmọ yín o!" Gbogbo ojú yí sí wa. Sìlífátù fa ọwọ́ méjèèjì sínú ìborùn rẹ̀.

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe mí," ló wí. "Kí n má lọ kó o ràn án."

Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Sùlíyá ṣì gbé ọmọ dání níwájú rẹ̀, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Irú ìyá wo lèyí?" Mo yíjú padà, mo ní, "Ìyá tó bí ìyá ọmọ ni, èwo ló kàn ọ́ ńbẹ̀?" Mo wá wo Kaothar níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ibi tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ pamọ́ sí. Ọjọ́ náà la padà sí Agége.

Nígbà tí Teslim tún wá sí géètì, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ò dé ilẹ̀ mọ́. Ó ní, "Màmá, Kaothar ní kí n bi yín pé kí lòun fi ṣe yín. Kì í jẹun. Bí ọmọ ṣe ń ké, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ké." Ìgbà tí Teslim lọ tán ni Sìlífátù sọ fún mi pé òun ti gbúròó obìnrin kan tó ní àgbo tó lè bá òun fọ inú, kí oyún náà wálẹ̀.

Orí mi gbóná. "Kí ló ń jẹ́ àgbo? Lọ́jọ́ orí rẹ yìí? O fẹ́ kú ni, kí Kaothar wá rí ẹ̀rí pé lóòótọ́ lo kọ òun sílẹ̀?" Mo sọ fún ọ̀gá wa pé ara rẹ̀ ò yá, mo fà á lọ́wọ́ jáde. Ó ń bẹ̀ mí lójú ọ̀nà, ó ní kó di ọ̀la. Mo ní kò sí ọ̀la kankan.

Ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan tó jìnnà sí àdúgbò wọn la lọ. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn, Stella ni wọ́n ń pè é, jù wá lọ díẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní kí Sìlífátù lọ tọ̀ sínú ike. A wá jókòó, à ń retí. Sìlífátù di ọwọ́ mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó ń pe Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá lábẹ́lẹ̀, èmi náà ń pe Jésù.

Nọ́ọ̀sì jáde. "Màmá, kò sí oyún."

"Kò sí?"

"Kò sí. Nǹkan oṣù yín ló ń dáwọ́ dúró. Ọjọ́ orí ni. Ooru tó ń mú yín, ikùn tó ń wú, oorun tí ẹ ò rí sùn, inú tó ń tètè bà jẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ṣé ìyá yín ò sọ fún yín ni?"

"Ìyá mi? Ìyá mi ò sọ nǹkan kan. A kàn jí lọ́jọ́ kan ni, a rí i pé ó ti kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó ní kí Sìlífátù má tíì rò pé oyún ò lè wọlé mọ́ rárá, torí nǹkan oṣù lè lọ kó tún padà dé, àfi tó bá lo ọdún kan gbáko tí kò rí i. Bó bá sì wá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kó má jókòó sílé máa dá rò ó, kó sáré wá. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fajú ro. Ó ní ó ga díẹ̀, kó dín iyọ̀ kù, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kó máa rìn dáadáa, kó sì padà wá kí wọ́n tún un wọ̀n. Sìlífátù ti dìde.

"Màmá, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán!"

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san," ni Sìlífátù wí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo dúró gbọ́ ìyókù kí n tó sáré bá a.

Ìjú la gbà lọ tààrà. Sùlíyá ti wẹ ọmọ tán, ó ń fi òrí pa á lára. Kaothar jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní "Ẹ káàbọ̀, mà," bí ẹni ń kí àlejò, kò sì kúnlẹ̀. Sìlífátù ò tiẹ̀ jókòó.

"Mo rò pé mo lóyún ni." Bó ṣe la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nìyẹn níṣojú àna rẹ̀. "Mi ò rí nǹkan oṣù, mo rò pé oyún ni, ẹ̀rù wá ń bà mí pé tí mo bá fọwọ́ kan ọmọ yìí, màá pa á. Ilé ìwòsàn la ti ń bọ̀ báyìí. Kì í ṣe oyún. Mo ti ń dàgbà ni."

Ni Sùlíyá bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá wa! Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn! Nígbà tèmi, mo ti ń wá orúkọ tí n máa sọ ọ́!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Sùlíyá gbé ọmọ lé Sìlífátù lọ́wọ́. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń kì í, ó ń sunkún.

Kaothar nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé èmi àti ìwọ jọ lóyún?"

"Ẹ ò bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ọmọ mi ni." Ó dìde, ó fọwọ́ di ikùn mú. "Màmá Teslim ń wẹ ọmọ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Èmi ńkọ́? Ṣé mo lè bọ́ra sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi ni? Láti ọjọ́ tí mo ti bí, èmi nìkan ni mò ń da omi sára. Mo gbìyànjú kí n fúnra mi jó inú, ọwọ́ mi ò lágbára."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ta ni ò mọ̀ pé ìyá ẹni ló ń fi aṣọ àti omi gbígbóná jó inú fún ẹni lẹ́yìn ìbímọ? Nínú gbogbo ìpáyà tó bá wa, ọmọ tuntun nìkan la ń rò. A ò rántí ẹni tó bí i.

Sìlífátù gbé ọmọ padà fún Sùlíyá. "Àrínọlá, bá mi gbé omi kaná."

Nígbà tí omi gbóná tán, mo gbé e lọ bá wọn ní balùwẹ̀. Kaothar ti bọ́ra sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ara rẹ̀ ti rù. Sìlífátù ti aṣọ bọ omi, ó fún un, ó gbé e lé ikùn ọmọ rẹ̀. Kaothar ké. Sìlífátù fẹ́ yọwọ́ kíá.

"Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

Kaothar di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara.

"Ẹ má yọwọ́, Màámi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."